Tíjọba bá ní àǹfààní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún òkè òkun ò kàn yín: bí ẹ ṣe máa jà á láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọkùnrin kan ń gbé ní Under-G níbí, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì ló jọ dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n ń bá àwọn èèyàn nílùú òyìnbó kọ́ wẹ́ẹ̀bù àti áàpù. Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan tòun ti àpòòwé bráùn kan lọ́wọ́, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo ìwé yìí, mo rò pé ìwé tí wọ́n máa ń pín kiri ni, orí ínfátà ni mo gbé e sí látọjọ́ yìí." Mo tú u. Ìwé owó orí ni. Wọ́n ní ₦38 mílíọ̀nù ló wọlé fún wọn lọ́dún 2023, wọn ò yọ VAT (owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà àti iṣẹ́) kankan lórí ẹ̀, kí wọ́n yáa wá san ₦2,850,000, owó ìtanràn ò tíì sí nínú ìyẹn o. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló gba ìwé yìí, kò rántí. A pe bàbá tó ń ṣọ́ géètì wọn torí ọwọ́ bàbá yẹn ni wọ́n já a sí, a ṣírò ṣírò, ó ti pé ọjọ́ 23. Ọjọ́ 7 ló kù fún wa.

Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń ti LAUTECH jáde lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ wọn ni ò kúrò nílùú mọ́, wọ́n ti kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, wọ́n ń bá ará Kánádà àti ará Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́, dọ́là ń wọlé, ó dáa, inú mi ń dùn sí i. Àmọ́ wọn ò mọ̀ pé òfin ti ya nǹkan kan sọ́tọ̀ fún wọn, ẹni tí ò bá sì mọ ẹ̀tọ́ ẹ̀, wẹ́rẹ́ báyìí ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà, iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe, nǹkan tí mo ti fojú rí ni mo fẹ́ sọ, tọ́rọ̀ bá ti dé kóòtù, ẹ lọ bá lọ́yà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń jà lé lórí gan-an

Èèyàn á kàn wá sọ fún mi pé "ìjọba ò fún mi ní àǹfààní àwọn tó ń tajà sókè òkun." Èwo nínú ẹ̀? Wọn kì í ṣe ọ̀kan, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà jà wọ́n ò jọra rárá.

Èyí tó máa ń kan àwọn oníṣẹ́ bíi tiwa jù ni VAT. Òfin VAT ti 1993 ti yọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún òkè òkun kúrò nínú nǹkan tí wọ́n ń gba VAT lé lórí. Ibi tí ìjà ti ń wá ni ìtumọ̀. Òfin ìnáwó ti 2019 túmọ̀ ẹ̀, ti 2020 tún un tò, pé kí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà jẹ́ ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ilé níbí ló ti ṣe é tàbí ìta, kí ẹni tó ṣe é fún má sì jẹ́ ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, kó wà lókè òkun. Wọ́n wá so kiní kan mọ́ ọn nídìí, pé tó bá jẹ́ ẹ̀ka tí òyìnbó yẹn ní sí Nàìjíríà lẹ ṣiṣẹ́ náà fún, ẹ má pè é ní iṣẹ́ òkè òkun. Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ó ń bọ̀ wá ṣe wá.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù lóṣù kẹfà 2025 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, náà sì ti di NRS. Ẹ ka ti tuntun yẹn dáadáa fún owó tó bá wọlé láti 2026 lọ, ó tiẹ̀ ti fàyè gba kí èèyàn gba VAT tó san lórí iṣẹ́ tó rà àti irinṣẹ́ ńlá ńlá padà, èyí tí òfin àtijọ́ ò gbà. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó 2022 tàbí 2023 ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín, òfin tó wà lórí àlééfà nígbà yẹn lẹ máa fi dá wọn lóhùn, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tuntun tó wà lórí lẹ́tà wọn dà yín láàmú.

Èkejì ni EEG, owó ìwúrí fún àwọn tó ń tajà sókè òkun, tí NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọjà òkè òkun, ń bójú tó lábẹ́ òfin 1986. Kí n má purọ́, ọjà tó ń gun ọkọ̀ ni wọ́n dìídì ṣe é fún, àwọn tó ń fọ́ kajú wa níbí kí wọ́n tó kó o lọ sókè òkun, irú wọn ló bá a mu. Ibi tí oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù lè gbà wọlé ni òfin stáàtọ́ọ̀pù (kọ́ńpìnnì tuntun tó ń fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) ti 2022. Òfin yẹn sọ ọ́ kedere pé kọ́ńpìnnì tó bá ti gba àmì stáàtọ́ọ̀pù, tó ń ta ọjà tàbí iṣẹ́ tó wọnú òfin 1986 yẹn sókè òkun, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànwọ́ látinú EEG àtàwọn àpò owó méjì mìíì. Kẹ́ ẹ tó lè gba àmì náà, kọ́ńpìnnì yín gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń to orúkọ kọ́ńpìnnì, kó má tíì ju ọdún 10 lọ, kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ṣíà ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ yín ò sí lára àwọn tó yẹ, ẹ̀yà ìjà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni, màá dé ibẹ̀.

Owó àfikún RT200 ti CBN, tí wọ́n máa ń fi tó ₦65 kún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ọjà òkè òkun bá mú wọlé, ẹ má fi dá ara yín láàmú, ọjà tí wọ́n ti ṣe parí tàbí tó kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì ti fòpin sí i lóṣù kẹfà 2023. Mo ṣì ń rí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn pé àwọn máa bá wọn gbà á.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, tó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán lẹ fi sílẹ̀ ní CAC, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, owó orí tara yín, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà, àwọn OYSIRS, kì í ṣe Abuja. Mo ti rí ẹni tó kọ lẹ́tà àtakò tó dáa gan-an, ó gbé e lọ ọ́fíìsì tí ò ni ín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé, ìwé, ìwé

Ibí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni wọ́n ti ń jàre tàbí jẹ̀bi kẹ́jọ́ tiẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Níwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹjọ́ lẹ máa fi hàn pé nǹkan tí wọ́n bù fún yín pọ̀ jù, kì í ṣe àwọn ló máa fi hàn pé ó tọ́. Ohun mẹ́ta lẹ fẹ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀, pé ẹni tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún wà lókè òkun, pé òun fúnra ẹ̀ lẹ ṣe é fún tí kì í ṣe ẹ̀ka ẹ̀ kan ní Lagos, àti pé ọwọ́ ẹ̀ lowó ti wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ínfọ́ìsì ọmọ Under-G yẹn wò. Lókè, orúkọ kọ́ńpìnnì ẹ̀, ó dáa, àmọ́ kò sí nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà tí CAC fún kọ́ńpìnnì. Níbi tó yẹ kí orúkọ kọ́sítọ́mà wà, ó kọ "Mike, Canada". Nísàlẹ̀, "website work", iye owó, ó tán. Ta ni Mike? Ṣé èèyàn ni àbí kọ́ńpìnnì? Kánádà apá ibo? Ẹni tó bá gbé irú ìwé yẹn síwájú ìgbìmọ̀, ọwọ́ òfo ló gbé lọ. Ó yẹ kí orúkọ kọ́ńpìnnì Mike wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba wọn, àdírẹ́sì ẹ̀ láti orí nọ́ńbà ilé dé orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ní gbólóhùn méjì mẹ́ta tó yéni, déètì, owó ní dọ́là àti iye tó jẹ́ ní náírà lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 ni.

Ẹ̀yìn ínfọ́ìsì ni ìwé àdéhùn. Tẹ́ ò bá ní ìwé àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù, ímeèlì tó gbé iṣẹ́ fún yín náà ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má gé orí ẹ̀ kúrò, torí ibi tí déètì àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà nìyẹn. Ẹ wọ ìkànnì ìjọba ìlú wọn tí wọ́n ti ń to orúkọ kọ́ńpìnnì, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ ojú ìwé kọ́ńpìnnì yẹn jáde mọ́ ọn. Àwọn tó ń gba iṣẹ́ lórí Upwork, ẹ máa da ìwé owó tó wọlé sílẹ̀ lóṣooṣù, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti àkáǹtì yín pa.

Lẹ́yìn náà ni báńkì. Sítétímẹ́ǹtì domiciliary, ìyẹn àkáǹtì dọ́là yín, dáa, èyí tó tún dáa jù ni ìwé kékeré tí báńkì máa ń ṣe fún owó kọ̀ọ̀kan tó bá ti òkè òkun wọlé, tó ń fi orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti orílẹ̀-èdè tó ti wá hàn, ẹ lọ bèèrè ẹ̀, wọn kì í fúnni téèyàn ò bá bèèrè. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń gba owó lórí kírípító, wọ́n á tà á fún ẹnì kan tí wọn ò rí rí, náírà á wá wọlé látọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Ìgbò tàbí Haúsá. Mi ò bá yín jà, mo mọ bí báńkì ṣe máa ń yọ èèyàn lẹ́nu, àmọ́ tí ìwé bá dé, owó yẹn dà bí owó tí ará Nàìjíríà san fún yín, báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ pé Mike ló san án? Tẹ́ ò bá rí ọgbọ́n mìíì dá sí i, ó kéré tán ẹ fi ínfọ́ìsì, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ àti déètì tí owó dé sójú kan náà, kí ẹsẹ̀ ara wọn bára mu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ọjọ́

Ọjọ́ 30. Láti ọjọ́ tí ìwé bá ti dọ́wọ́ yín, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á o. Tí 30 bá kọjá tẹ́ ò tíì takò ó, owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti di gbèsè nìyẹn, ì báà tọ́ ì báà má tọ́.

Èmi fúnra mi ti pàdánù lórí eléyìí. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń bá àwọn ọlọ́jà òkè òkun dáhùn fóònù gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ọjọ́ tó gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mi ò bi í pé ìgbà wo ló ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ti lọ nínú ẹ̀. Ọ́fíìsì yẹn da lẹ́tà wa padà pé ó ti pẹ́, obìnrin yẹn sì san owó tí kò jẹ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti gbé àpòòwé lé mi lọ́wọ́, kí n tó tú u ni mo ti ń kọ déètì sẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á. Ẹ kọ́ àwọn tó ń ṣọ́ géètì àti ìyá tó ń tajà níwájú ilé yín náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́tà àtakò

Òyìnbó lẹ máa fi kọ ọ́, kó má gùn, ojú ìwé méjì tó. Nọ́ńbà ìwé wọn lókè, déètì tẹ́ ẹ gbà á, ọdún tó kàn. Ẹ wá sọ iye tẹ́ ẹ takò àti ìdí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọ "owó yìí pọ̀ jù, ẹ ṣàánú wa", ìyẹn kì í ṣe ìdí. Ìdí ni pé òfin yọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ nìyí nínú òfin, kọ́sítọ́mà wa nìyí, àdírẹ́sì ẹ̀ nìyí, ìwé báńkì wà nísàlẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó máa ń ràn wá lọ́wọ́, ti Vodacom Business àti FIRS, Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a ní 2019. Vodacom ra iṣẹ́ sátẹ́láìtì lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì kan ní Netherlands, kóòtù ní ibi tí wọ́n ti jẹ àǹfààní iṣẹ́ ni VAT wà, ìyẹn Nàìjíríà, FIRS ló jàre. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wò ó. Tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti jẹ iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, iṣẹ́ tí Toronto jẹ, kí ni VAT Nàìjíríà ń wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu tiwọn fúnra wọn ni.

Nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù níbí ni pé kẹ́ ẹ gbà fún wọn níbi tí wọ́n bá ti jàre. Ọmọ Under-G yẹn ní kọ́sítọ́mà mẹ́ta. Ti Kánádà san ₦21 mílíọ̀nù, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ₦9 mílíọ̀nù, ti Amẹ́ríkà ₦8 mílíọ̀nù. Bá a ṣe ń tú ímeèlì, mo rí i pé ará Amẹ́ríkà yẹn ní ọ́fíìsì ní Lagos, ọ́fíìsì Lagos yẹn ló ń rán wọn níṣẹ́, òun náà ló ń lo áàpù yẹn. Gbólóhùn tá a fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ọmọ náà ní ká pa á mọ́, mo ní rárá, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé a gbà pé ₦600,000 wà lọ́rùn wa lórí iyẹn, ₦2,250,000 tó kù la takò. Owó tẹ́ ẹ bá gbà pé ẹ jẹ, ẹ san án lásìkò, ẹ má so ó mọ́ èyí tẹ́ ẹ ń jà lé lórí.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní méjì, ẹ fẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá ní ẹni tó máa lù ú ò sí níkàlẹ̀, ẹ jókòó dè é. A jókòó láti aago 10 títí di aago 2 àbọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n sì ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tí wọ́n bá kọ̀

Tí wọn ò bá gbà, wọ́n á kọ ìwé pé àwọn ò ní yí i padà. Ọjọ́ tí ìyẹn bá dọ́wọ́ yín, ọjọ́ 30 mìíì bẹ̀rẹ̀, láti gbé e lọ síwájú Tax Appeal Tribunal, TAT, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí. Ti ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù wà ní Ìbàdàn, kò kúkú jìnnà sí wa. Tọ́jọ́ bá ti lé níbẹ̀, wọ́n ṣì lè gbà á tí ìdí tẹ́ ẹ fi pẹ́ bá múná dóko, àmọ́ ẹ má gbára lé e.

Ní TAT, kò pọn dandan kó jẹ́ lọ́yà, ẹ lè sọ̀rọ̀ fúnra yín, akáńtáǹtì tó gbàwé ẹ̀rí náà lè dúró fún yín. Ẹ kàn bèèrè lórí owó ìdógò kẹ́ ẹ tó lọ, torí ìlànà TAT ti 2021 ní kí ẹni tó pẹjọ́ kọ́kọ́ gbé ìdajì owó tí wọ́n ń jà lé lórí kalẹ̀, ìyẹn sì wúwo fún ọ́fíìsì kékeré tó wà ní Under-G. Ẹ wádìí bó ṣe rí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Tẹ́ ò bá jàre ní TAT, kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ló kàn, láàárín ọjọ́ 30 náà ni, ojú òfin nìkan ni wọ́n sì ń wò níbẹ̀, ẹ̀rí tẹ́ ò bá gbé sílẹ̀ ní TAT, ó ti bọ́ nìyẹn.

Òfin 2025 tún dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, Tax Ombud, fún ẹni tí òṣìṣẹ́ owó orí bá ń fìyà jẹ, tí wọ́n bá ń fi fáìlì yín ṣeré tàbí halẹ̀ mọ́ yín. Ẹ lè kọ̀wé síbẹ̀, àmọ́ kò dá ọjọ́ 30 yín dúró o, ẹ máa ṣe méjèèjì pọ̀.

Tí kì í bá ṣe owó orí ńkọ́?

Ká ní wọ́n kọ̀ láti fún yín ní àmì stáàtọ́ọ̀pù, tàbí NEPC ní iṣẹ́ yín ò yẹ. TAT kọ́ ló ni ìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀, torí ọ̀pọ̀ ìgbà wọn kì í sọ ọ́. Ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà gbogbo nǹkan tó wà nínú fáìlì yín. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 sí i. Tí wọn ò bá dáhùn tàbí tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ kóòtù lórí ìyẹn nìkan.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ìdí, tẹ́ ẹ sì rí i pé kò sí nínú òfin, pé òṣìṣẹ́ kan ló hùmọ̀ ẹ̀, lọ́yà lè gbé e lọ kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀, wọ́n ń jókòó ní Ìbàdàn, pé kí kóòtù fagi lé e tàbí kó pàṣẹ fún wọn láti ṣe iṣẹ́ wọn. Oṣù 3 péré ni fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ̀. Òfin ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíì sì wà tó ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ pẹjọ́, kẹ́ ẹ dúró bí oṣù kan, kẹ́ ẹ tó pè é. Ẹ fi ìyẹn síra, oṣù 3 ti di méjì. Ẹ má lo oṣù àkọ́kọ́ fún ẹ̀bẹ̀ àti "mo mọ ẹnì kan níbẹ̀".

Èyí tó le jù ni kí ìjọba ṣèlérí kó tó wá yí ọwọ́ padà. Ní Íńdíà, wọ́n ní SEIS, ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń ta iṣẹ́ sókè òkun ní ìwé ẹ̀rí owó ìwúrí láti 2015. Àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ ọdún 2019 sí 2020 tán pátá, oṣù kẹsàn-án 2021 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ẹnikẹ́ni ò ní gbà ju 50 mílíọ̀nù rúpì lọ lórí ọdún yẹn. Àwa náà ti rí i, àwọn tó ní ìwé EEG lọ́wọ́ níbí fi ọdún púpọ̀ gbé e láìrí i lò, kí wọ́n tó tún ètò náà gbé dìde ní 2017. Tẹ́ ẹ bá ń dá owó lé, ẹ má ka owó ìwúrí mọ́ owó tẹ́ ẹ máa fi san owó òṣìṣẹ́. Tó bá dé, ó dé. Ẹ sì tọ́jú ìwé ìlànà tó wà níta lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tòun ti déètì, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹ̀ lórí ìkànnì láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra o. Tó bá jẹ́ ₦150,000 ni wọ́n ń bèèrè, lẹ́tà àtakò ò náni ní nǹkan kan, ẹ kọ ọ́, àmọ́ tí wọ́n bá kọ̀, owó ọkọ̀ Ìbàdàn lálọ lábọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà àti owó lọ́yà ti kọjá iyẹn.

Ti ọmọ Under-G, oṣù mẹ́rin ó lé lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n yọ ti Kánádà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò pátápátá. Òṣìṣẹ́ tó tọ́jú fáìlì yẹn sọ fún mi lójúkojú pé ₦600,000 tá a fẹnu ara wa gbà ló jẹ́ kóun fara balẹ̀ ka ìwé tó kù. Ó ti san án tán báyìí, ìtanràn ló kù díẹ̀, ó sì ti ní kí ará Amẹ́ríkà yẹn máa fi VAT kún owó ẹ̀.